Baba Jálẹ̀ Ná Oògùn Ìrora

Gbogbo ẹni tó mọ Baba Jálẹ̀ ló mọ ìtàn ọjọ́ tó ná oògùn lọ́wọ́ dókítà. Kì í ṣe owó oògùn ló ń ná o. Iye kápúsù tó máa gbé mì ló ń ná.

Inú yàrá kékeré kan ní ilé ìwòsàn ló ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá náà kì í tì dáadáa, nítorí náà gbogbo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ló ń gbọ́. Àbíkẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó mú un wá, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbá báàgì mọ́ àyà. Bàbá na ẹ̀yìn gbọọrọ lórí àga. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹ̀wù rẹ̀, ó jẹ́ kí apá òsì ẹ̀wù náà rọ̀ sẹ́yìn, torí pé kò sí aṣọ kan láyé yìí tó lè kan ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kó má ké. Aránṣọ ni o! Ọkùnrin tó ti fi aṣọ bo gbogbo àdúgbò, òun ló wá jókòó síwájú dókítà pẹ̀lú ìdajì ẹ̀wù.

Dókítà ti ṣàlàyé tán. Kápúsù kan lálẹ́ ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Tí ara bá ti gbà á, wọ́n á fi ọ̀kan kún un láàárọ̀. Tí ara bá tún gbà á, wọ́n á fi ọ̀kan kún un lọ́sàn-án.

"Ṣé mẹ́ta wá ni jálẹ̀ ẹ̀ nìyẹn?" ni Bàbá bi í.

"Jálẹ̀ kí ni, sà?"

"Mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ n gba ọ̀kan."

"Bàbá, oògùn ni. Wọn kì í ná an."

"Kí ni wọn kì í ná láyé? Ó dáa, ẹ wo ojú mi. Ọ̀kan àbọ̀."

"Kápúsù ni, sà. Kò ṣeé dá sí méjì."

"Ẹ ò rí i bí ọjà yín ṣe le? Ẹ fi sílẹ̀ fún mi ní ọ̀kan. Mo máa tún padà wá, oníbàárà yín ni mí."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní mẹ́ta ni. Ni Baba Jálẹ̀ bá ṣe ohun tó ti ń ṣe níwájú àwọn aláṣọ láti ìgbà tó ti wà ní géńdé. Ó dìde. Ó kẹ̀yìn sí dókítà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Gbogbo aláṣọ ló máa ń pè é padà. Àwọn míì kì í jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ kẹta. Àbíkẹ́yìn mọ ìrìn yẹn dáadáa, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Dókítà ò mọ eré náà. Ó rò pé Bàbá ti gbà, ó sì ń lọ sílé. Ó na ọrùn sí ìta, ó kígbe pé, "Ẹni tó kàn!"

Ẹ̀rín tó bú jáde lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, àfi bíi pé òrùlé fẹ́ ṣí. Baba Jálẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè lọ, kò lè bọ̀, bẹ́ẹ̀ fìlà rẹ̀ wà lórí tábìlì dókítà. Fúnra rẹ̀ ló padà lọ mú un. Ó dé e sórí, ó tún un ṣe, ó wá sọ pé, "Dókítà, ẹ̀yin le ju aláṣọ lọ."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ahun ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, irọ́ ló pa. Ohun tó bá rí gbà lọ́wọ́ aláṣọ, oníbàárà ló máa ń fún. Á fi láínìn tẹ́ inú kóòtù tẹ́nikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ sí, á dá àpò kan sínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ṣe ni onítọ̀hún máa ṣèèṣì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ó kàn fẹ́ràn kó máa ná nǹkan ni. "Èló ni jálẹ̀?" ló fi ń kí ọjà, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Baba Jálẹ̀. Tí òjò bá ṣú nígbà tó sá aṣọ síta, á yọ orí, á wo ojú ọ̀run, á ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Tí òjò bá wá rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé márùn-ún ni wọ́n máa gbà.

Nígbà tí ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà kejì wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Àbíkẹ́yìn, Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ọdún méjì sí i." Ọmọkùnrin náà ní oṣù méjì. Wọ́n ná an, wọ́n ná an, títí tíì tí wọ́n gbé fún wọn fi tutù, wọ́n wá fẹnu kò sí ìparí ọdún. Bí ọmọkùnrin náà ṣe jáde tán, Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Fẹ́ ẹ. Ó mọ ọjà ná."

Ìyá Àbíkẹ́yìn ti kú tipẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Maṣíìnì méjì kọjú síra wọn, tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ wà láàárín, áyọ́ọ̀nù wà ní kọ̀rọ̀. Ó ti dàgbà sábẹ́ tábìlì yẹn, síbẹ̀ ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣì máa ń yà á lẹ́nu. Bàbá á di ojú, á mú etí aṣọ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, á ní, "Òwú kan ti já níbí." Wọ́n á tẹ́ aṣọ síta gbangba, wọ́n á wá a títí. Òwú kan ti já níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti gé kóòtù tó máa wọ̀ lọ síbẹ̀, aláwọ̀ búlúù tó dúdú. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ rán. Kò tíì fọwọ́ kan òsì tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń ta á. Ó ní bẹ́ẹ̀dì ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni iléròrò olómi yọ sí i lára, ó tò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn, ó gba abẹ́ apá òsì yí wá sí iwájú bí ìgbànú, ó wá dúró ní àárín àyà gbọnran, kò kọjá sí ọ̀tún rárá. Bàbá ní ìdun ló jẹ òun. Ó da páúdà sí i, ó bo ẹ̀wù mọ́ ọn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn fi máa rí i tó fi máa wọ́ ọ dé ilé ìwòsàn, iléròrò náà ti ń gbẹ. Dókítà mi orí. Ó ní ṣíńgúsì ni wọ́n ń pè é, ó ní ká ní wọ́n tètè wá láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ ni, oògùn wà tó lè ká a lọ́wọ́ kò. Ní báyìí, kí wọ́n máa wò ó.

Wọ́n wò ó. Ara jinná, èèpá bọ́, àpá rẹ̀ ṣá. Ìrora ò lọ. Oṣù ń gorí oṣù, ẹ̀gbẹ́ òsì Bàbá ń jó bí ibi tí omi gbígbóná dà sí. Nígbà míì á dédé ta á bí iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ á sì gé sí i lẹ́nu. Ẹ̀wù kàn án, ó pariwo. Fáànù fẹ́ sí i, ó pariwo. Oògùn tí gbogbo ayé fi ń pa ẹ̀fọ́rí kò ta pútú. Bàbá wá wo kóòtù búlúù tó wà lára ògiri, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mi ò ní wọ ìdajì aṣọ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ mi. Aránṣọ ni mí. Tí kò bá lọ, mi ò lè wá."

"Tí ẹ ò bá wá, mi ò ṣe é," ni Àbíkẹ́yìn wí. Kò ná an rárá.

Bí wọ́n ṣe padà sọ́dọ̀ dókítà nìyẹn, lọ́jọ́ kápúsù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni dókítà ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó máa ná ọjà.

"Bàbá, ṣé ẹ rántí ilẹ̀ẹ́gbóná àwọn ọmọdé, èyí tó máa ń yọ omi káàkiri ara? Ṣé ó ṣe yín rí?"

Bàbá ní ó ṣe òun. Ìyá òun so ọwọ́ òun mọ́lẹ̀ kí òun má baà họra.

"Kò lọ o. Nígbà tí ara yín yá, kòkòrò àìsàn náà sá wọ gbòǹgbò iṣan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sùn síbẹ̀. Látìgbà yẹn ló ti wà níbẹ̀. Nígbà tí àgbà dé, tí ara ò lè ṣọ́ ọ dáadáa mọ́, ó jí, ó gba ojú iṣan kan jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi kọjá ẹ̀gbẹ́ kan."

Ẹnu Bàbá là sílẹ̀. "Ó ti ń gbé inú mi láti ìgbà tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Háà! Bẹ́ẹ̀ kò san owó ilé rí!"

Dókítà ní ó ti padà lọ sùn báyìí, àmọ́ iṣan tó gbà kọjá ló ṣe léṣe. Iṣan tó yẹ kó máa jíṣẹ́ bó ṣe rí i, irọ́ ló ń pa. Aṣọ kàn án, ó ní iná ni. Atẹ́gùn kàn án, ó ní iná ni. Oògùn tí òun fẹ́ kọ kò ní wo awọ ara rárá, iṣan yẹn ló máa bá sọ̀rọ̀ pé kó rẹ ohùn sílẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni Àbíkẹ́yìn ń wò, àpá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́ yẹn. Ó ń ṣe é ní kàyéfì pé nǹkan lè sùn sínú ènìyàn látìgbà èwe, kó jí nígbà ogbó. Ó rò pé ọ̀rọ̀ oògùn ti parí.

Kò mọ̀ pé lójú Bàbá, ọjà náà ò tíì parí.

Kápúsù náà lẹ́bi tirẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, oorun gbé e lọ lórí maṣíìnì ní ọ̀sán gangan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kúrò lórí pẹ́dàlì. Nígbà tó ta jí, olùkọ́ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bàbá dìde láti kí i. Síkẹ́ẹ̀tì náà dìde tẹ̀ lé e. Ó ti rán an mọ́ etí ẹ̀wù ara rẹ̀.

"Bàbá, síkẹ́ẹ̀tì mi ń tẹ̀ lé yín."

"Ó mọ ọ̀gá ẹ̀ ni," ni Bàbá dáhùn, ó sì mú sísọ́ọ̀sì.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi délé. Àbíkẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín. Kò rí i pé Bàbá ká ọwọ́ òsì rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó ní bí aṣọ ò bá gbọ́dọ̀ kan ara, kí aṣọ dúró jìnnà sí ara ni. Ó tú agboòrùn kan, ó yọ àwọn irin inú rẹ̀, ó rán wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀wù kan kí ẹ̀wù náà lè dá dúró fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá wò ó láti ọ̀tún, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Tí ẹ bá wò ó láti òsì, ẹ máa rò pé ó jí tábìlì kan gbé sábẹ́ aṣọ. Ó wọ̀ ọ́ jáde ní ọ̀sán gangan, ó gba òpópónà lọ ra búrẹ́dì, ẹnu ọ̀nà ilé oníbúrẹ́dì sì há a. Wọ́n tì í látìta, wọ́n fà á látinú. Nígbà tí ó bọ́ tán, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ó ní, "Ẹ bá káfíńtà yín sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà yín ti kéré jù."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àmọ́ nígbà tó ń padà bọ̀, atẹ́gùn kan dé, ó gba abẹ́ ẹ̀wù náà wọlé, ó ru ìyókù aṣọ náà, aṣọ sì ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́pẹ́pẹ́. Àbíkẹ́yìn wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó rí i tí bàbá rẹ̀ dúró gan-an láàárín òpópónà, búrẹ́dì lọ́wọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹnì kan bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní òógùn ni. Ẹnu ya Àbíkẹ́yìn. Ó ti rí bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì ṣomi. Irú ìrora wo wá lèyí?

Ó tún mú un padà lọ. Dókítà ò mọ ìdí tí oògùn ò fi ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ó fi ìpara kan kún un, èyí tí wọ́n fi nǹkan inú ata ṣe. Ó ní ó máa kọ́kọ́ ta á díẹ̀, tó bá yá, ariwo á sú iṣan náà, á dákẹ́.

"Dókítà," ni Bàbá wí, "mo sọ fún yín pé ara mi ń jó, ẹ ní kí n fi ata pa á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá pa á tán."

Kò fọ ọwọ́. Ó pa á tán, ó nu ojú. Ariwo tó pa dé ọ̀dọ̀ onífóònù ní òpópónà kejì. Oníbàárà kan, ọkùnrin kan tó tín-ín-rín bí òwú, ti dúró níbẹ̀ kí wọ́n wọn òun. Bàbá fi ọwọ́ bo ojú kan, ó fi ojú kejì wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ní ṣé kì í ṣe kí òun padà wá lọ́la. Bàbá ní, "Ẹ dúró jẹ́jẹ́. Ara yín ò ju ojú kan lọ."

Agolo bọ́tìnì ló tú àṣírí Bàbá. Àwọ̀ ni Bàbá fi ń to bọ́tìnì, agolo kan fún funfun, agolo kan fún dúdú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan wá pé bọ́tìnì ẹ̀wù òun ti já, bọ́tìnì aláwọ̀ ìyeyè. Bàbá ò sí nílé. Àbíkẹ́yìn sọ agolo kalẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bu kápúsù jáde. Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Kápúsù ni. Gbogbo èyí tó yẹ kó ti wà nínú ara bàbá rẹ̀ ló wà láàárín bọ́tìnì.

Nígbà tí Bàbá wọlé, agolo náà wà lórí tábìlì.

"Bàbá, kí ni kápúsù ń ṣe nínú bọ́tìnì?"

Bàbá wo agolo, ó wo ọmọ rẹ̀. "Àwọ̀ wọn bára mu."

"Bàbá!"

"Mo ná an wá sí ọ̀kan. Ọ̀kan lálẹ́ ni mò ń lò. Mi ò ṣàì lò ó."

"Ta lẹ bá ná an?" ni Àbíkẹ́yìn bi í. "Mo rí yín tẹ́ ẹ̀ ń sunkún lójú títì. Mo rò pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Mo rò pé nǹkan míì ló wà lára yín tí wọn ò fẹ́ sọ fún mi, pé mo fẹ́ pàdánù yín. Ó ti tó ìgbà tí mo ti sùn gbẹ̀yìn. Oògùn wá wà nínú bọ́tìnì!"

Bàbá jókòó. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ́ ẹ. Àpá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná ìka ìfábẹ̀lá, ó ti san, àmọ́ ó hàn.

"Ọjọ́ síkẹ́ẹ̀tì yẹn, abẹ́rẹ́ gba ibí kọjá. Oorun oògùn ni. Ọ̀kan péré ni mo lò o, oorun rẹ̀ sì kùn mí tó báyìí. Mẹ́ta wá ńkọ́?" Ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún pa àpá náà. "Ìrora, mo lè bá a gbé. Tí ọwọ́ mi bá lọ, kí ni mo wá jẹ́? Ẹ̀rù ló ń bà mí, Àbíkẹ́yìn."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. Inú tó ń bí i rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn, ó sì rántí pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó mọ ohun tó máa ṣe.

"Ẹ gbọ́," ló wí. "Dókítà sọ ọ́, ẹ kàn ò fetí sí i ni. Tí ara bá mọ oògùn, oorun yẹn á dín kù. Títí di ìgbà yẹn, ẹ ò ní fọwọ́ kan maṣíìnì, ẹ ò ní fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Èmi ni màá máa rán an, ẹ̀yin á jókòó, ẹ ó máa bú mi. Àmọ́ ohun tí dókítà bá sọ lẹ máa lò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìgbéyàwó."

"Méjì," ni Bàbá wí.

Àbíkẹ́yìn mú báàgì rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀.

Bàbá mọ ìrìn náà. Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n tó o? Òun ló kọ́ ọ. Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wò ó. Ó ní á dúró. Àbíkẹ́yìn kọjá lára áyọ́ọ̀nù. Ó ní á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àbíkẹ́yìn kọjá ẹnu ọ̀nà, kò wẹ̀yìn. Ó dé títì, oòrùn mú un lójú, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tí òun máa ṣe bí wọn ò bá pe òun.

"Àbíkẹ́yìn! Padà wá! Padà wá, mo gbà! Mẹ́ta!"

Onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sáré jáde, ó rò pé iná ń jó ilé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kí Baba Jálẹ̀ pe ènìyàn padà.

Wọ́n lọ sọ òótọ́ fún dókítà. Kò bínú. Ó rọra ń fi kún un, ó ń bi í bí oorun ṣe rí, ó kìlọ̀ pé tó bá tún wù ú láti jáwọ́, kò gbọ́dọ̀ dédé jáwọ́ lójijì. Kò sì tan Bàbá jẹ. Ó ní ó lè má lọ tán, ó lè jẹ́ pé igbe ni yóò fi sílẹ̀, tí yóò máa kùn. Bàbá ní kó máa kùn. Ó ní gbogbo oníbàárà òun ló ń kùn.

Ó gba àkókò. Bàbá jókòó, ó ń bú ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń jí láti tún bú u. Nígbà tó ṣe, oorun náà kò ṣe é tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, fáànù fẹ́ sí i, kò pariwo. Àwọn méjèèjì wo fáànù. Wọn ò sọ̀rọ̀, kí iṣan náà má baà gbọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ló sọ ìyókù fún wọn. Ó ní aṣọ tó bá ń gbá ara ló ń jí i, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ara kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, kódà àwọn míì máa ń fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di nǹkan yí ibẹ̀ ká. Bàbá ń rò ó láti ilé ìwòsàn títí dé ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe wọlé, ó fa aṣọ sílíkì jáde. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan tí kò lápá ni wọ́n rán, tó fún mọ́ ara, ojú ìrán rẹ̀ sì kọjú síta kí okùn òwú kan má baà kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ń rán an, Bàbá ń wọ̀ ọ́ wò, ó ń di ojú. "Nǹkan wà níbí." Wọ́n á wò ó. Òwú kan ti yọ sínú, ó kéré ju irun ojú lọ. Ẹnu ya Àbíkẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá pàápàá ń mi orí. "Ẹ̀gbẹ́ tó ń yọ mí lẹ́nu yìí," ló wí, "ó ti wá mọṣẹ́ jù mí lọ."

Ó wọ̀ ọ́ láìwọ nǹkan míì lé e. Ẹni tó bá rí i á ní, "Bàbá, ẹ ti wọ aṣọ sódì o." Á dáhùn pé, "Ara mi ló ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe ojú ẹ." Àwọn tí irú ìrora náà ń ṣe gbọ́ nípa rẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n ń wá. Àwọn wọ̀nyí kì í ná ọjà, ohun tó bá pè ni wọ́n ń san, ó sì máa ń dùn ún wọnú egungun. "Ẹ ò ní bi mí jálẹ̀ ni?" Á fúnra rẹ̀ já a wálẹ̀ fún wọn, á máa bá ara rẹ̀ jiyàn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ sílíkì, ó wọ ẹ̀wù lé e, ó wá wọ kóòtù búlúù, ti ọ̀tún tòun ti òsì. Ọmọ rẹ̀ ló rán òsì náà. Àbíkẹ́yìn wá dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ bó ṣe ti mọ́ ọn lára láti ọjọ́ yìí wá. Bàbá yí po, ó na apá òsì sí i.

"Bọ́ síbí."

"Ṣé kò ní dùn yín?"

"Ó ń kùn. Jẹ́ kó máa kùn. Dì mí mú."

Ó dì í mú. Bí wọ́n ṣe rìn wọlé nìyẹn, Àbíkẹ́yìn ń sunkún, Bàbá na ẹ̀yìn gbọọrọ, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí pé ojú ìrán èjìká òsì náà wọ́ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló tó kú, ogbó ló pa á, lórí àga rẹ̀, nínú oorun ọ̀sán. Ìrora náà ń kùn títí dé òpin, kò sì tún ké mọ́. Àbíkẹ́yìn ní òun fúnra òun ni òun máa wọṣọ fún un. Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú bá a gbé e. Nígbà tó rí àwọ̀tẹ́lẹ̀ sílíkì, ó rọra sọ pé, "Màdáámù, ẹ má bínú. Ẹ ti wọ èyí sódì fún wọn. Ojú ìrán ló wà níta."

"Ara wọn ló ń wọ̀ ọ́," ni Àbíkẹ́yìn dáhùn, "kì í ṣe ojú yín." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Ó mọ̀ pé bàbá òun kò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Kò kàn lè jẹ́ kí ojú ìrán kọjú sí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni. Ó fi ẹ̀wù bò ó, ó fi kóòtù búlúù bò ó, ó tẹ́ ọrùn kóòtù náà dáadáa.

Ọkùnrin náà jáde fún un. Àbíkẹ́yìn mú báàgì rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀. Ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó fún un láyè gan-an. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó di ilẹ̀kùn mú, ó tún fún un láyè sí i.

Nígbà náà ló rántí pé fìlà Bàbá ṣì wà lórí tábìlì. Ó padà lọ mú un. Ó dé e sí i lórí, ó tún un ṣe bí Bàbá gan-an ṣe máa ń tún un ṣe.

"Bàbá mi," ló wí, "ẹ̀yin le ju dókítà lọ."